Ìlà Pupa Tó Yà fún Ṣọ́ọ̀bù Ẹnu-Abẹ

"Ta ló ní kí ìlà yìí yà?"

Gbogbo òpópónà ló gbọ́ ọ. Bí aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Abẹ bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tí kò kàn pàápàá a máa wá èsì sílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ń wo ìlà pupa tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fi ọ̀dà fà sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà láti fi ibi tí gọ́tà ńlá yóò gbà hàn. Ìlà náà ti òkè òpópónà bọ̀ gbọnrangandan. Ó kọjá níwájú onígbàjámọ̀, ó kọjá níwájú ilé ìtajà oògùn, àfi bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó yà bàrá sí òdìkejì, bí ẹni tó rí àna tí kò fẹ́ kí.

Ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà láti ọ́fíìsì ìlú, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà, ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ fara balẹ̀, ire ni. A ti yọ ṣọ́ọ̀bù yín kúrò nínú rẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

Ojú Ẹnjiníà ló tú u fó: ó yọ́ wo ọkọ Ẹnu-Abẹ, tó lóṣòó ti fíríìjì tó ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọkọ náà ti orí bọ inú fíríìjì náà bíi pé ibẹ̀ ló fẹ́ sùn.

"Hẹn-ẹn," ni obìnrin náà wí. "Mo ti mọ̀."

Òjò ayé ìsinsìnyí kì í ṣe òjò tí wọ́n mọ̀ ní kékeré. Kì í kìlọ̀ mọ́, kò sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ooru á mú títí ilẹ̀ á fi le bí àwo, òjò á wá ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á máa wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá, ó wọ yàrá Bàbá Ṣúmẹ́kà tó ń ṣe bàtà ní òdìkejì, ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ léfòó tòun ti bàbá lórí rẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà gbé e jáde.

Ẹnu-Abẹ ló kó àdúgbò lọ sí ọ́fíìsì ìlú nígbà náà. Ó ní àwọn ò wá tọrọ àánú, iṣẹ́ làwọn fẹ́ kí wọ́n jọ ṣe. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ pariwo, wọ́n sì jọ fẹnu kò: ìlú yóò mú kátápílà àti kankéré wá fún gọ́tà ńlá, àdúgbò yóò fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ àwọn tó kéré, wọn yóò sì gbin igi tí ìlú bá kó wá sí etí rẹ̀, kí ooru lè rọ̀. Nípàdé yẹn, ẹnì kan béèrè pé, ilé tó bá wà lójú ọ̀nà omi ńkọ́? Gbogbo wọn ń wo àjà. Ẹnu-Abẹ ló dìde. "Kó yẹra," ló wí, "bó tilẹ̀ jẹ́ tèmi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ojú ọ̀nà omi gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jókòó sí.

"Ìwọ lo lọ bá a," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà dìde, ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Èmi ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n káwọ́ gbera kí wọ́n máa fi kátápílà wó ibi tá a ti ń jẹun? Ìwọ lo sáré gbogbo ìsáré yìí. Mo ní kí wọ́n fi ojú àánú wò ọ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Omi tó bá dé ibi tí ìlà yìí ti yà, ibo ló máa gbà?"

Ẹnu-Abẹ kọjú sí Ẹnjiníà.

"Ẹ̀yin ni mo ń bi."

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. "Kí n sọ òótọ́, mà? Omi kì í fẹ́ igun. Bó bá pọ̀, á fo igun yẹn, á kọjá sọ́dọ̀ bàbá. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe wàhálà iṣẹ́ yìí tó yín, ó ń dùn mí láti wó ṣọ́ọ̀bù yín. Nígbà tí ọkọ yín wá, mo ní bóyá a lè mọ ògiri kékeré kan síbẹ̀…"

"Omi tó gbé bẹ́ẹ̀dì tòun ti èèyàn, ògiri kékeré lẹ fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́? Ẹ kúkú kọ́ ọ kó máa kan ilẹ̀kùn!"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Bàbá Ṣúmẹ́kà na ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ti gbó. Ìwọ ṣì ń tọ́ ọmọ. Bómi bá tún dé, màá gun orí tábìlì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ni Ẹnu-Abẹ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ ò ní gun orí tábìlì kankan."

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò dùn ún. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti di ọ̀gá. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò ní àfiwé. Aṣọ dúdú pẹ̀lú òwú dúdú, ojú rẹ̀ a máa rí i kedere. Bó bá sì dákẹ́ báyìí, ta ni yóò bi í? Ìlú ló ya ìlà. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda. Ìdákẹ́jẹ́ lásán ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí kò kọ́ rí láyé.

Aṣọ tí a bá gé wọ́, kò sí ẹni tó lè rán an gún. Ó mú òwú àti ṣọ́ọ̀kì ìlàṣọ, ó jáde.

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi di etí òwú yìí mú."

"Mà, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ọ́fíìsì…"

"Ọ́fíìsì nìkan kọ́ ló ṣèpàdé. Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ yà á, ta lẹ bi nínú wa?"

Ẹnjiníà wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo òun náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di òwú mú níbi tí ìlà pupa ti yà. Ẹnu-Abẹ fà á le dan-in, ó gbà á kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó gbà á kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ títí tó fi bá ìlà pupa pàdé lápá kejì.

"Ibí lẹ máa gbà," ló wí. "Kò ní yà fún mi, kò sì ní yà fún ẹlòmíì tó bá yọ́ wá bá yín. Tí igi tẹ́ ẹ ṣèlérí ò bá wá dé, màá gbé ẹ̀rọ mi wá sí ọ́fíìsì yín. Ẹnu ọ̀nà yín ni màá ti máa ránṣọ."

"Igi á dé, mà," ni Ẹnjiníà wí kíá. Ó juwọ́ sí ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà mú. "Pa èyí tó yà yẹn rẹ́. Ibi tí wọ́n fà yìí ni kó o kùn."

Ọkọ Ẹnu-Abẹ súnmọ́ ọn. "Àdúgbò yìí ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ o."

"Mi ò rán wọn níṣẹ́ ọpẹ́."

Ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń wo ìlà náà bó ṣe la ṣọ́ọ̀bù sí méjì.

"Tábìlì ìgéṣọ ńkọ́? Ibo ló ń lọ?"

"Pálọ̀."

"Pálọ̀ wo? Ààyè dà?"

"Àga ńlá rẹ yẹn á jáde."

"Àga mi?"

"Àga rẹ. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ìdúró ni yóò ti máa gbọ́ ìròyìn."

Ọkọ rẹ̀ wọlé lọ. Ẹnu-Abẹ ń ká aṣọ àwọn oníbàárà sínú àpò nígbà tó gbọ́ ohun kan tó ń gbá ògiri nínú ilé, àti ọkọ rẹ̀ tó ń kùn. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, àga rẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sọdá títì, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ṣúmẹ́kà.

"Bàbá, ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ má bínú."

Ó tún sọdá padà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì di etí kan tábìlì ìgéṣọ mú.

"Ó yá, gbé tìrẹ."