Èwo Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Ọmọ Lẹ́mọ̀ Méjì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, kí n sọ ti àwọn ìyá àgbà méjì tí ẹranko là níjà. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ bèèrè ní Ìṣokùn.

Ìbejì ni Ràmọ́tà Táyé àti Marufat Kẹ́hìndé. Táyé ń gbé Ọ̀yọ́, Kẹ́hìndé ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Takie. Ẹ kúkú mọ àṣà wa: Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹni tó rán ni níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Láti kékeré ni Táyé ti ń kúnlẹ̀ kí i.

Àfi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan tí nọ́ọ̀sì kan ní, nílé ìwòsàn tàwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n. Ni Táyé bá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Orúnkún mi ti jìyà gbé!"

Àwàdà ló pè é. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé dìde láì jẹun, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì gbé fóònù Táyé mọ́. Ilé wá tóbi ju Táyé lọ. Ọ̀rọ̀ a máa wá sí i lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ojú ń tì í.

Waliyat, ọmọ Kẹ́hìndé, ló dọ́gbọ́n sí i. Ó ní kí Táyé wá bá òun ní Takie, kí àwọn jọ lọ wo ọgbà ẹranko kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Táyé ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, Kẹ́hìndé ló bá níwájú. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì.

Díákónì Gabriel ló ni ọgbà náà. Ó mú wọn dé ibi àgò ńlá kan. Ẹranko ojú ológbò, ìrù abilà dúdú àti funfun, jókòó, ó na apá méjèèjì, ó dojú ikùn kọ oòrùn bí ìyálé tó ń yáná lọ́yẹ́.

"Ẹdun rèé! Ará ilé mi!" Táyé ké. Ní Ìṣokùn, mọ̀lẹ́bí ni ìbejì àti ẹdun.

"Rárá o, mà. Lẹ́mọ̀ ni. Erékùṣù Madagásíkà nirú wọn ti wá."

"Ṣé kò sí Ìṣokùn ní Madagásíkà ni?"

Kẹ́hìndé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìbòrùn bo ẹnu.

Abo kan wá fò sílẹ̀, ọmọ kan so mọ́ ọn níkùn, ọ̀kan gùn ún lẹ́yìn. Gabriel ní, "Ìbejì ló bí. Èyí tó wà níkùn yẹn ló kọ́kọ́ jáde. A ò tíì sọ wọ́n lórúkọ."

Táyé ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Orúkọ wo lẹ tún ń wá? Tẹ̀yìn yẹn ni Kẹ́hìndé. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, òun lẹ̀gbọ́n!"

"Ọmú ni wọ́n ṣì ń mu, mà."

"Kó kọ́kọ́ mu ún, nígbà náà!"

Kẹ́hìndé yíjú padà. "Ta lo ní ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Tún un sọ, etí mi ò gbọ́."

Ojú ti Táyé títí tí ìtìjú náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí iyanrìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ẹ má bínú."

"Dìde jàre. Orúnkún tó ti jìyà! Bó bá há síbẹ̀, èmi ò lè gbé ọ o." Síbẹ̀, òun náà ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i.

Táyé ò padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Waliyat tó wa ọkọ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní títí àwọn fi dé Takie, òun ò ráyè gbin. Ẹ̀yìn làwọn méjèèjì jókòó sí, ẹnu wọn ò sì sinmi.