Ìpè Tí Ọmọ́bọ́lá Ò Gbé

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilé gogoro tó wó l'Ékòó bá jáde ní Osi, ìlú wa, oníkálukú ló ní ibi tó wà lọ́jọ́ náà. Alápatà á ní òun ń kun ẹran lọ́wọ́ ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọlọ́kadà kan á ní ojú ọ̀nà Eruku lòun wà, pé èrò tí òun gbé sẹ́yìn ló gbọ́ ọ lórí fóònù tó fi ké "Yéè!", tí ọ̀kadà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn méjèèjì wọgbó. Ọmọ aráyé fẹ́ràn kí wọ́n sún mọ́ ohun ńlá, ìbáà ṣe àjálù. Ẹni tí kò mọ ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ gan-an ni tirẹ̀ máa ń gùn jù. Ọmọ́bọ́lá kì í sọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ń bó ẹ̀gẹ́ ni. Òótọ́ sì ni, ẹ̀gẹ́ ló ń bó.

Ìyàwó agboolé Ajíbọ́lá ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì, ibẹ̀ ló ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù fún ará àdúgbò, torí iná ìjọba tiwa, bó bá tiẹ̀ yà wá kí wa, kì í jókòó. Keziah ni ìyálé rẹ̀, opó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, obìnrin tó kọ́ ọ ní gàárì yíyan lọ́dún tó wọlé ọkọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta Keziah lọ́rẹ, Prosper lorúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti ń lọ sílé ìwé kí Ọmọ́bọ́lá tó dé, nítorí náà kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. "Ọkọ mi" ló ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Prosper náà sì mọ iyì oyè ọ̀hún. Á pọn omi fún ìyàwó tuntun, lẹ́yìn náà á dúró ti ìkòkò ọbẹ̀, á ní ṣé bí ìyàwó ṣe ń tọ́jú ọkọ nìyẹn? Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ táìlì, ó sì gba Èkó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí à ń wí yìí, orin ni rédíò ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́bọ́lá. Orin dá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ka ìròyìn wọlé, ohùn rẹ̀ ò gún: ilé alájà gíga kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ l'Ékòó ti wó, àwọn òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì mọye. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ẹni tó wá gba fóònù ti dúró, wọ́n káwọ́ lérí. Jákèjádò Nàìjíríà báyìí náà ni wọ́n ṣe dúró. Àánú ṣe Ọmọ́bọ́lá, ó pòṣé, ó ní "Ọmọ ọlọ́mọ!" Kò tíì mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ ni.

Fóònù rẹ̀ ló dún. Ọ̀gá tí Prosper ń bá ṣiṣẹ́ ni, nọ́ńbà Ọmọ́bọ́lá ni gbogbo ọmọ Osi tó wà l'Ékòó máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀gá wọn. Ọkùnrin náà ń sunkún. Ó ní òun jáde lọ ra símẹ́ńtì ni, òun padà dé, òun ò bá ilé. Ó ní apá ibi tí Prosper ń lẹ táìlì sí ti tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, pé ẹnì kankan ò lè jáde láàyè níbẹ̀, kí wọ́n fọgbọ́n sọ fún ìyá rẹ̀.

Ọmọ́bọ́lá ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré tọ Bàbá Ajíbọ́lá, olórí agboolé, lọ. Bàbá gbọ́, ó ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tó tó ọ̀rọ̀ sọ, ó ní: "Éè sí ẹni kan ṣoṣo tí í túfọ̀ ọmọ fún ìyá ní ulé wa. A óò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Obbo-Ilé, a óò ránṣẹ́ sí pásítọ̀, bó bá di àfẹ̀mọ́júmọ́, a óò jọ wọlé tọ̀ ọ́. Ùwọ ìyàwó, lọ jókòó tì í títí di àárọ̀. Rédíò éè gbọdọ̀ dé etí rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ó gbé e wá ṣájì láàárọ̀."

"Jẹ́ ó wà lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ má wulẹ̀ bú bàbá náà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Irọ́ àánú wà lẹ́nu àwa ará ibí ju iyọ̀ lọ. A ti ránṣẹ́ pe ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú láti Ìbàdàn rí pé bàbá ní ibà díẹ̀, kó ra ọsàn dání. Ó dé, ó bá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Kò bínú, torí òun náà ti bá wọn pa irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ọmọ́bọ́lá bá Keziah, òkìtì ẹ̀gẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì í. Ó ti fi fóònù ìyálé rẹ̀ sí àìdún, ó sì ti fi í há ìdí ìró ara rẹ̀, kí aláròká kan má baà pè é.

"Ìyàwó, fóònù mi ńkọ́?"

"Éè tíì kún, ìyálé mi."

"Ọkọ rẹ ní òun máa pè nírọ̀lẹ́ yìí o. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tóun fẹ́ sọ. Ó jọ pé ó ti rí ọmọbìnrin kan." Keziah rẹ́rìn-ín. "Mo ní tó bá jẹ́ ọmọ Èkó tí éè lè bó ẹ̀gẹ́, kó fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ọmọ́bọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí ẹ̀rín náà ṣe dán tó. Keziah tún béèrè fóònù nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ní bóyá kóun kúkú lọ gbé e. Ọmọ́bọ́lá ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ báyìí yóò dúdú. Ìyálé rẹ̀ gbọ́ràn, ó jókòó.

Ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ nígbà tí fóònù gbọ̀n nídìí ìró. Ọmọ́bọ́lá ní òun fẹ́ tọ̀, ó gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ lọ, ó yọ ọ́. "Prosper" ló wà lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ náà síbẹ̀ fún ìyálé rẹ̀ lọ́jọ́sí.

Ọkàn èèyàn kì í pẹ́ rí ibi tó máa bà lé. Ó rántí Alimat, ìyá kan tí mọ́tò pa ọmọ rẹ̀ lọ́nà Ìlọfà. Ọlọ́pàá ló mú fóònù lápò òkú, ó pe ẹni tí òkú pè gbẹ̀yìn, obìnrin náà sì fi ayọ̀ dáhùn, ó ní "Ọmọ mi, báwo ni?" Láti ọjọ́ náà orí rẹ̀ ò pé mọ́. Ọmọ́bọ́lá wo ojú fóònù, ó ní wọ́n ti rí òkú ọkọ òun nìyẹn, àlejò kan ló fẹ́ fi fóònù ọmọ túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Kò gbé e. Ó dúró, ó ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò gbé e. Nígbà tó tún mì, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ni Keziah bi í, torí ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Inú ló ń run mí."

Keziah fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó lọ gbé omi gbígbóná wá, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn àgbà dé. Ẹ jẹ́ kí n fi igbe Keziah sílẹ̀ síbi tó wà. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, Èkó ni wọ́n sin Prosper sí. Gbogbo ìlú ló ń ṣàdúrà fún Ọmọ́bọ́lá tó fi ọgbọ́n gbé ìyálé rẹ̀ di àárọ̀. Bí wọ́n bá ti ń yìn ín ni inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀díẹ̀. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ kẹjọ ni Dàmọ́lá dé, ọmọkùnrin kan tó ń bá Prosper lẹ táìlì, tí wọ́n fà yọ lábẹ́ ilé náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì funfun ti ọsibítù. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe gbà á láyè, ó ní òun ṣèlérí fún Prosper pé òun yóò rí ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, a wà láàyè nísàlẹ̀ ibẹ̀, èmi àti òun. Ògiri ló là wá láàárín, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ohùn ara wa. Fóònù tiẹ̀ ò fọ́. Òun ló pe àwọn tó wà níta, tó júwe ibi tá a wà, ìyẹn ni wọ́n fi rí mi wà jáde. Lẹ́yìn náà ó ní ìwọ̀nba tó kù nínú bátìrì, òun á fi pe màámi. Ó dún títí, ẹ ò gbé e. Ó tún pè. Nígbà tó yá, wọ́n ní wọ́n ti pa fóònù yín. Ó ní bátìrì màámi ti kú nìyẹn, kò sí wàhálà, òun á tún pè láàárọ̀." Dàmọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo pè é, kò dáhùn mọ́."

Ọmọ́bọ́lá ń gbé omi bọ̀ fún àlejò; ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà.

Bí Keziah bá ti yíjú sí i lọ́jọ́ náà, ọ̀ràn ì bá ti tán. Kò yíjú sí i. Ara rẹ̀ ló yíjú sí. Ó ní òun ló fà á. Ó ní ọkàn òun sọ fún òun kí òun lọ gbé fóònù òun ní ṣọ́ọ̀bù, òun sì jókòó nítorí ẹ̀gẹ́. "Ẹ̀gẹ́ ni mo fi ọmọ mi ṣe pààrọ̀," ohun tó ń wí nìyẹn láàárọ̀, tó ń wí lálẹ́. Kò sùn mọ́. Ó so fóònù mọ́ ọrùn, bí àwọn tó ń polówó orin bá pè, á gbé e, á ní "Prosper?"

Ọmọ́bọ́lá tọ Bàbá Ajíbọ́lá lọ, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá. Ó ní, "Èmi ni mo rán ọ. Pa ẹnu rẹ mọ́. Bó o bá sọ ọ́, ulé yìí á tú." Ọmọ́bọ́lá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tu òun nínú. Ṣùgbọ́n bàbá ní kó pa fóònù mọ́. Kò ní kó dúró lẹ́yìn balùwẹ̀ kó máa wo orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó lè gbé e. Ká ní ó gbé e, kó kàn ní "Hẹ̀lóò" péré.

Ó pa ẹnu mọ́ títí Keziah fi mú àdá wọ oko lọ́jọ́ kan, tó ṣá gbogbo ẹ̀gẹ́ tó gbìn balẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, tí wọ́n fi mú un wálé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́bọ́lá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò fi Bàbá Ajíbọ́lá ṣe àwáwí.

"Ìyálé mi, fóònù yín éè sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ìdí ìró mi ló wà. Mo rí i tí ọkọ mi ń pè. Mo rò pé ó ti kú, pé àlejò ló fẹ́ wá túfọ̀ rẹ̀ fún yín. Èmi ni mi ò gbé e. Èmi ni mo pa á."

Keziah bi í pé:

"Nígbà tó ń pè, níbo ni mo wà?"

Irọ́ àánú wá sẹ́nu Ọmọ́bọ́lá, ó gbé e mì.

"Ẹ ò jìnnà sí mi. Mò ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ ń kọrin."

Keziah mi orí. Omi kò jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Lọ sí ulé rẹ, Ọmọ́bọ́lá."

Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu obìnrin náà rí. "Ìyàwó" ló ń pè é. Ó dìde, ó jáde. Kò pẹ́ tí oorun gbé Keziah lọ lórí ẹní, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Dàmọ́lá ti wá, ó sì sùn títí oòrùn fi yí. Ọmọ́bọ́lá ò délé. Ó jókòó síta níwájú ilẹ̀kùn ìyálé rẹ̀, ó ń lé ewúrẹ́, ó ń lé ọmọdé, kí wọ́n má baà jí i.