Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Tó Ṣìnà Lọ sí Wọ́ọ̀dù

Lọ́sàn-án Sátidé, bí oòrùn bá ti kúrò lójú fèrèsé yàrá ìdáná wa, Akérékorò á dé. Ọ̀rẹ́ màmá àgbà mi ni wọ́n. Gbogbo ilé ló ń fi ìnagijẹ yẹn pè wọ́n, àfi èmi tí mò ń pè wọ́n ní Màmá Kékeré. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì fi jọ lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ká aṣọ, wọn kì í wo ọwọ́ ara wọn. Ọ̀kan á fà, èkejì á nà, etí aṣọ á pàdé etí aṣọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi aṣọ tí mo bá fọ̀ sílẹ̀ di Sátidé. Bí aṣọ bá ti kan ọwọ́ wọn báyìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀.

"Ìdúró la fi ṣe iṣẹ́ yẹn," ni màmá àgbà máa ń wí. "Láti aago méje àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ní àga. Akọ̀wé ní àga. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, tí kò ṣe ju kó máa sọ pé ẹ káàárọ̀, ìrọ̀rí wà lórí tirẹ̀. Àwa obìnrin méjìdínlógún tí à ń lọ aṣọ, ògiri la ní."

"Ògiri ọ̀hún tún gbóná," ni Màmá Kékeré fi kún un.

"Bí o bá sì fara ti ògiri, Ọ̀gá Aago ti dé." Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ilé ìfọṣọ nígbà náà nìyẹn. "Kò ní bú ọ o. Á kàn wo aago ọwọ́ rẹ̀, á wo ojú rẹ, á tún wo aago."

Oyún oṣù keje tí Màmá Kékeré ní ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà kọ̀ wọ́n. Wọ́n tọ Ọ̀gá Aago lọ pé kó bá àwọn wá bẹ́ńṣì kan péré. Ó ní ìwé òfin iṣẹ́ kò sọ pé àwọn tó ń lọ aṣọ nílò bẹ́ńṣì.

"Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìwé yẹn tiẹ̀ sọ pé a lẹ́sẹ̀?" Màmá Kékeré á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà náà, wọ́n ti pín aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn obìnrin náà, kálukú sì ti fi òwú pupa rán àmì tirẹ̀ sí igun èyí tí wọ́n pín fún un. Bí aṣọ bá jóná, wọ́n á wo àmì, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. Àmì màmá àgbà dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí kò lè kọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ àmì rẹ̀. Ni wọ́n bá mú ògbólógbòó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan láti fi ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀. Màmá Kékeré, tí wọ́n ka ìwé mẹ́fà, fi pẹ́ńsù kọ ọ́, àwọn yòókù ń rán òwú tẹ̀ lé e.

"Ẹnì kan ní ká kọ 'a bẹ̀ yín'," ni Màmá Kékeré wí. "Mo ní mi ò kọ 'a bẹ̀ yín' kankan. Mo kọ ọ́ pé: Àwa tí à ń lọ aṣọ yìí fẹ́ jókòó."

Wọ́n rán àmì wọn yí ọ̀rọ̀ náà ká bí òrùka, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè sọ pé lágbájá ló ṣáájú. Màmá àgbà ló rán tiwọn kẹ́yìn. Opó ni wọ́n, ìyá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé ni. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ gún wọn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n mú un fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n aṣọ wà lórí tábìlì, ọwọ́ sì ti mọ iṣẹ́ jù. Ẹni méjì gbá a mú, wọ́n fà á, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n tò ó mọ́ àwọn tó kù, ọmọlanke ilé ìwòsàn sì gbé e lọ.

"Ìwọ lo di apá òsì rẹ̀ mú," ni màmá àgbà máa ń wí fún Màmá Kékeré.

"Kí la ti gbọ́? Ta ló wá di apá ọ̀tún mú, iwin?"

Wọn ò tíì parí ìjà yẹn.

Nọ́ọ̀sì tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá káfíńtà kan tó dá lẹ́sẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Bàbá kà á. Ó tún kà á sókè fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Nígbà tí Ọ̀gá Aago ránṣẹ́ pé kí wọ́n ká a wá, bàbá ní òun ò ní dìde lórí rẹ̀ títí àwọn tó lọ̀ ọ́ á fi ríbi jókòó.

Ọ̀gá Aago wá pe màmá àgbà nìkan. Ó dá ẹsẹ̀ ẹyẹ mọ̀, nítorí aṣọ wọn tí kò jóná rí ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Ó ní àga kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ. Kí wọ́n lọ bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí wọ́n tú àmì wọn àti gbogbo òwú tó kù, àga náà di tiwọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé yá.

Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá wọ́n tiẹ̀ rò ó.

"Ṣé kí n parọ́ fún ọ ni? Mo fẹ́ àga yẹn. Abẹ wà lápò mi."

Ọ̀gá Aago dúró lẹ́yìn wọn ní wọ́ọ̀dù. Bàbá káfíńtà wo ojú wọn.

"Ìyàwó, aṣọ yìí lo wá gbà?"

"Wọ́n ní kí n wá tú u ni, bàbá."

"Àmì tìrẹ dà?"

Màmá àgbà fi hàn án.

"Ó wuyì," ni bàbá wí. "Tú u kí n rí i." Ó sún ara rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, kí igun aṣọ lè yọ.

Màmá àgbà ti abẹ bọ abẹ́ òwú. Wọ́n gé ọmọ ìka kan lára ẹsẹ̀ ẹyẹ. Òwú jáde, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá fẹ́ á ṣì rí ìka ẹyẹ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wo àmì Màmá Kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá abẹ padà sápò.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò lè tú u. Tèmi ni, ohun tó wà níbẹ̀ náà ni mo fẹ́."

Ọ̀gá Aago wo aago. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sílé láìmọ ohun tí ọmọ wọn máa jẹ lóṣù tó ń bọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n lé wọn sílé gan-an ni gbogbo ọkùnrin wọ́ọ̀dù ti kọ̀ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn náà. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn gba ọ̀nà ó dé ọ́fíìsì dókítà àgbà. Dókítà béèrè ohun tó dé.

"Bẹ́ńṣì?" Màmá Kékeré máa ń sín in jẹ, wọ́n á di imú. "Bẹ́ńṣì onígi lásán-làsàn ló ń rùn báyìí?"

Bẹ́ńṣì méjì dé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe màmá àgbà. Nígbà tí wọ́n wọlé, gbogbo obìnrin náà wà lórí ìdúró, bẹ́ńṣì ṣófo.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ̀ ń dúró ṣe?"

"Ìwọ là ń dúró dè," ni Màmá Kékeré dáhùn, ti ikùn ti ẹsẹ̀ wíwú. "Jókòó, jàre, kí àwa náà ráyè."

Màmá àgbà jókòó, wọ́n fa áyọ́ọ̀nù mọ́ra. Tábìlì ga dé imú wọn! Ìdúró ni wọ́n kàn án fún. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé àwọn á máa jókòó ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ẹni tó bá kàn á sinmi, àwọn tó dúró á máa bá a lọ aṣọ tirẹ̀.

Bí ìtàn bá dé ibí yìí, aṣọ á wà lọ́wọ́ màmá àgbà láìká.

"Ṣé o mọ ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn jù níbi iṣẹ́ yẹn?" ni wọ́n bi mí ní Sátidé tó kọjá. "Ọwọ́ mi méjèèjì lórí itan mi, lọ́sàn-án gangan, kí n máa wo àwọn èèyàn mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí pé kí ni mò ń ṣe."