Ibi Tí Ìgbì Kò Ti Fọ́

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ mú ọmọ náà wá," Wòlíì Hezekiah wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

Gbọ́njúbọ́lá kò mú un wá. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú débi pé ọmọ ọdún mẹ́fà náà kígbe, "Màmá, ọwọ́ ń dùn mí." Nígbàkúùgbà tí omi bá ń padà sẹ́yìn, iyanrìn a máa yọ́ kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sá lọ.

Láti kékeré ni Gbọ́njúbọ́lá ti ń pa á lówe ní Lalupon pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Òwe tó fi ń bá àwọn oníjà wí ni. Kò rí òkun rí. Àárọ̀ ọjọ́ yìí, nígbà tí bọ́lẹ̀kájà já ìjọ wọn sílẹ̀ létí òkun ní Èkó, ló tó mọ ohun tó ti ń fi ẹnu pè láti ọjọ́ yìí wá. Lókèèrè, omi a wú bí ẹ̀yìn màlúù tó fẹ́ dìde. A ga ju ènìyàn lọ, a tẹ orí síwájú, a sì fọ́ lulẹ̀ gbàmù, àyà Gbọ́njúbọ́lá a gbọ̀n tìtì. Kí ìyẹn tó fọ́ tán, òmíràn ti wú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì sí orúkọ mìíràn tí a lè pe ohun tó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ni kó ṣe? Láti ìgbà ọyẹ́ ni gìrì ti ń gbé Morẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un. Èyí tó gbé e kẹ́yìn, ọmọ gan bí igi, wọ́n ti ń sunkún rẹ̀ kó tó mí. Wòlíì wá ríran pé òkun ni yóò gba àìsàn náà: kí wọ́n ri ọmọ bọ inú rẹ̀, ìgbì yóò gbé gìrì lọ. Àkànbí, bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ télọ̀, ló rán sùtánà tuntun tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbì yìí ti pọ̀ jù," Gbọ́njúbọ́lá wí.

"Ẹ kúnlẹ̀," Wòlíì dá a lóhùn.

Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Wòlíì lu agogo, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí wọ́n lajú, òun ló kọ́kọ́ rí i. Lápá ọ̀tún, ìgbì ń fọ́, ó ń hó funfun. Bákan náà ló rí lápá òsì. Láàárín méjèèjì, ibì kan wà tí kò fẹ̀ ju títì lọ, tí ìgbì kankan kò ti fọ́. Omi ibẹ̀ tẹ́jú, ó dúdú, ó sì dákẹ́.

"Ògo!" Wòlíì kígbe. "Ẹ wo ọ̀nà! Ọlọ́run tó pín Òkun Pupa níyà ló la èyí!"

"Halelúyà!" ni gbogbo wọn fi dáhùn. Àkànbí dojú bolẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Inú Gbọ́njúbọ́lá pàápàá dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀ tí ẹ̀rù fi í sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àmùrè tó wà ní ìdí ọmọ náà.

Wòlíì ju imọ̀ ọ̀pẹ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi tó dákẹ́ náà láti fi yà á sí mímọ́. Láti àárọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá jù sínú ìgbì, ìgbì a dá a padà sí wọn lẹ́sẹ̀. Imọ̀ yìí kò padà. Ó ń lọ tààrà, kíákíá, bí ẹni tí a rán níṣẹ́.

"Ẹ wò ó," Wòlíì wí, "ó ti ń gbé àìsàn náà lọ!"

Ọwọ́ Gbọ́njúbọ́lá dúró lórí àmùrè. Ẹ̀gẹ́ ló máa ń rẹ sódò nílé. Odò ti gba agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kì í ṣe ibi tí omi ti ń pariwo lórí òkúta ló ti gbà á. Ibi tó tẹ́jú ni.

"Bàbá, imọ̀ yẹn, ṣé ó máa padà?"

"Kí ló fẹ́ padà wá ṣe? Ẹ mú ọmọ wá."

"Mi ò ní mú un wá."

Àkànbí sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Morẹ́nikẹ́, ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Ṣé o ò rí ọ̀nà tí Ọlọ́run là ni?"

"Mo rí i. Ohun tí mo rí ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ wo imọ̀ náà, Bàbá Morẹ́nikẹ́. Ẹ ṣáà wò ó."

Àkànbí kò wò ó. Ó di ọwọ́ kejì ọmọ náà mú, ó ń fà á. Ọmọ bú sẹ́kún láàárín wọn.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Wòlíì wí. "Èmi ni n óò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè gbàgbọ́."

Kì í ṣe elékèé. Ohun tó sọ yẹn, ó gbà á gbọ́. Ó gbé agogo dání, ó wọ inú omi lọ. Omi mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìdí. Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì fi ọwọ́ pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìgbì kankan kò lù ú, omi kàn ń gbé e lọ jẹ́jẹ́, níbi tí imọ̀ gbà. Àwọn kan nínú ìjọ ń kọrin ìyìn.

"Omi ń gbé e lọ!" Gbọ́njúbọ́lá figbe ta. Àkànbí fẹ́ sáré bọ́ sínú omi. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kan fa sùtánà rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin kọ́! Ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀!"

Orí Wòlíì ti kéré bí àgbọn lójú omi. Ó ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀, títí ó fi já sí ẹ̀gbẹ́ kan, lápá òsì, níbi tí òkun ti ń bú. Ìgbì kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó fọ́ lé e lórí. Wọn kò rí i mọ́. Àwọn obìnrin ń ké, "Jésù! Jésù!" Òmíràn tún fọ́, òmíràn tún tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì jù ú sórí iyanrìn bí àpò ẹ̀gẹ́. Ìgbì tí gbogbo wọn ti ń sá fún láti àárọ̀ ló gbé e padà.

Wòlíì bì, ó wúkọ́, ó sì tún bì. Agogo ti lọ. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, Gbọ́njúbọ́lá ló fi ojú wá.

"Imọ̀ náà ńkọ́?"

Gbọ́njúbọ́lá wo ojú òkun títí. "Kò padà, Bàbá."

Wòlíì mi orí.

Gìrì kò tíì lọ, Gbọ́njúbọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí ìgbì ti fọ́ tán, tó jẹ́ ìfófòó nìkan ló ń ṣàn gun iyanrìn. Ó jókòó, ó gbé e lé itan. Omi sáré wá, ó kàn wọ́n níkùn, ọmọ náà lọgun, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ bu omi sí i lórí. "Ọlọ́run, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," kò rí àdúrà mìíràn gbà. Àkànbí wá jókòó tì wọ́n, ó di ọwọ́ kejì ọmọ náà mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fà á.

"Bàbá," obìnrin kan nínú ìjọ wí, "òkun lẹ ní kí wọ́n ri ọmọ bọ̀."

Eyín Wòlíì ń gbá ara wọn. "Ìyẹn náà," ó wí, "òkun ni."

Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà gbé wọn dé Lalupon, ọwọ́ Gbọ́njúbọ́lá ti kú tipiri, nítorí kò tíì jọ̀wọ́ ọmọ náà.