Ojú Ìwé Méjì Lẹ́ẹ̀kan Náà

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, aṣọ ni mo fẹ́ fi bo kọ̀ǹpútà ọkọ mi. Ọyẹ́ ti dé sí Zaria, eruku kò jẹ́ kí a mọ àwọ̀ tábìlì mọ́, Adégbénga sì ti ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí ó tó lọ sí Kàdúná láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ yẹ̀ wò. Ó ní òun yóò ra ráàmù bọ̀, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn.

"Má dé e o," ó wí láti ẹnu ọ̀nà. "Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, èmi fúnra mi ni n ó dé e."

Aṣọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù dún. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ ń bi mí ní Haúsá bóyá èmi ni ìyàwó Adégbénga. Ó ti ṣubú ní àgbàlá ilé ìwòsàn, kò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, n kò lè jókòó. Mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá. Mo ń gbé omi kaná, n kò sì ní mu nǹkan kan. Bí àwọn tó wá kí mi bá ní kí n sinmi, n ó dìde lọ wo ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó gbọ́ ìkànkùn. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ló ń lé mi kiri.

Adégbénga ló ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ wa. Yorùbá wà lápá òsì, Haúsá lápá ọ̀tún, nítorí àwọn ọmọ tí a bí síbí, Haúsá ni wọ́n fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Bí ó bá ṣí ojú ìwé Yorùbá, tó tún fẹ́ ṣí ti Haúsá, ẹ̀rọ á dúró gbagidi bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹrù ti sú. "Jẹ́ kí n rí ráàmù kún un," ni ó máa ń wí, "kí n lè rí ojú ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Bọ̀dá Albert, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, wá tan ẹ̀rọ náà wò. Ẹ̀rọ ké pín, pín, pín. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ìyàwó, èyí náà ti kú." Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì wolẹ̀. "Má bínú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọ ti sọ ọ́. Bí ìwé kò bá jáde lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, Gẹ̀ẹ́sì la ó máa lò láti ìsinsìnyí lọ."

"Gẹ̀ẹ́sì wo?" Màmá Ọládòṣù ló sọ̀rọ̀ láti orí àga. Opó òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ó sì ti àdúgbò Gyellesu wá jókòó tì mí. Lẹ́tà Bíbélì ti kéré jù fún ojú rẹ̀. Ẹ̀dà kan tí ọkọ mi máa ń tẹ̀ fún un ní lẹ́tà gàdàgbà nìkan ni ìwé tó kù tó lè kà. "Albert, ìwọ tí ìyá rẹ fi Haúsá bú títí o fi dàgbà, ìwọ lo fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sìn mí dé ọ̀run?"

"Màmá, kì í ṣe èmi. Ìgbìmọ̀ ni."

"Ta ni akọ̀wé ìgbìmọ̀?"

Bọ̀dá Albert rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀rá dúdú tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, aṣọ Adégbénga tí ilé ìwòsàn dá padà ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì tú u.

"Aṣọ tí èèyàn kú sínú rẹ̀ kì í gbé inú ilé. Jẹ́ kí n dáná sun ún kí n tó máa lọ."

Mo ní kò burú.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń fẹ́ eruku inú rẹ̀, nítorí ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ihò gígùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Méjèèjì ló ṣófo. Mo ti tan iná sí i fún Adégbénga nígbà púpọ̀. Pátákó kan máa ń wà nínú ọ̀kan. Ta ló yọ ọ́?

Bí Adégbénga bá fẹ́ ra gílóòbù, á mú èyí tó jó dání lọ sọ́jà. Ó ní ẹnu lè ṣìnà, kí ọlọ́jà fojú ara rẹ̀ wò ó. Nígbà kan ó bọ́ bàtà mi kan lẹ́sẹ̀ mi ní àdúgbò Kwangila, ó mú un wá irú rẹ̀ lọ, èmi sì dúró lẹ́sẹ̀ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù bí àkùkọ.

Mo sáré jáde.

"Bọ̀dá Albert! Ẹ dúró! Ẹ jọ̀wọ́!"

Iná ti ń jó etí ọ̀rá náà. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

"Àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù náà. Nínú àpò àyà ni mo ti rí áńkáṣíìfù tí mo lọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Pátákó méjì ló wé sínú rẹ̀, ọ̀kan ti pọ́n, ìkejì ṣì wà nínú ike rẹ̀.

"Ó mú ti àtijọ́ lọ fi ra tuntun," mo wí.

Bọ̀dá Albert bọ́ fìlà rẹ̀.

Mo ki méjèèjì sínú ihò wọn. Ẹ̀rọ tún ké pín, pín, pín.

"Ebi ń pa á ni?" Màmá bèèrè.

Mo yọ ti àtijọ́. Mo fi rọ́bà ìpawérẹ́ nu etí rẹ̀ tó ń dán, bí mo ti máa ń rí i tí Adégbénga ń ṣe, mo sì tẹ̀ ẹ́ wọlé títí tí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi dún kẹ́. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé Yorùbá. Mo mú èémí dúró, mo ṣí ti Haúsá. Méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Yorùbá ti parí. Haúsá dúró láàárín gbólóhùn.

"Bọ̀dá Albert," mo wí, "ẹ wá bá mi parí ibí yìí."

"Haúsá èébú nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá wa o," ó wí, ṣùgbọ́n ó ti ń fa àga.

Nígbà tí a parí rẹ̀, n kò tíì tẹ ti ìjọ. Mo sọ lẹ́tà di gàdàgbà, mo tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo bí ó ti máa ń ṣe, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá Ọládòṣù.