Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Bá Raodah ní Dijon

Ó ti tó oṣù kan tí ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí omi lásán ń há a lọ́fun, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé abọ́ kọjá, á ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Raodah, tó ń kàwé ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Raodah pè wá pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sí ìlú Dijon lọ́jọ́ Sátidé, láti wo ọjà oúnjẹ ńlá tí wọ́n ń ná níbẹ̀ lọ́dọọdún. Àárọ̀ ni wọ́n ó lọ, alẹ́ ni wọ́n ó padà, ṣùgbọ́n òun kò ní bá wọn lọ nígbà tí ìyá òun ń jẹ̀rora. Fọlákẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kó lọ. Ó ní kó máa ya fọ́tò oúnjẹ náà ránṣẹ́, kí òun lè fi ojú jẹ ẹ́.

Raodah gbà, àmọ́ ó tún pe èmi nìkan padà. Niamey níbí, ní àdúgbò Dar es Salam, la bí i sí. Ilé ìwé Faransé ló lọ láti kékeré, tó bá ń sọ Yorùbá, àfi bí ẹni tó ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ náà, kò wá ọ̀rọ̀ kankan tì.

"Tantí Hàdìzà, mo mọ̀ pé ẹ kì í sọ nǹkan fún èèyàn. Tí nǹkan bá ṣe maman, ẹ pè mí. Ẹ má sin wọ́n kí n tó rí ojú wọn. Kódà kó jẹ́ lórí fóònù."

Mo ṣèlérí fún un. Àwa Mùsùlùmí kì í gbé òkú kalẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, fóònù yẹn nìkan ló gbójú lé.

Òwúrọ̀ Sátidé yẹn gan-an, lẹ́yìn ìrun àsùbá, Fọlákẹ́ kú. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Nígbà tí a gbé e délé, mo mú fóònù láti pe ọmọ, ni Àlùfáà Sàlíhù bá gbà á lọ́wọ́ mi. Ọkọ Fọlákẹ́ ti kú tipẹ́, Àlùfáà yìí sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Ó ní òun ni àgbà ilé, òun ló yẹ kó túfọ̀, àti pé a kì í la irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọmọ lórí lójú ọ̀nà.

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, Hàdìzà. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó rí i pé ó fi ojú ìyá rẹ̀ hàn án. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ wá kọ́ òun. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un, mo lọ bá àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ òkú. Wọ́n ti rán èèyàn lọ sí ọjà Katako láti ra pákó tí wọ́n ó tò sínú sàréè.

Nígbà tí mo jáde, Àlùfáà ń nu ojú rẹ̀. Ó ní òun sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ti papò dà. Ọmọ náà ní, "Alhamdulillahi." Ó béèrè bóyá ibẹ̀ dára ju ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, Àlùfáà ní ó dára jù ú lọ fíìfíì. Ó béèrè bóyá wọ́n á lè jẹun níbẹ̀, Àlùfáà ní oúnjẹ ibẹ̀ kì í tán. Ó wá dúpẹ́, ó ní òun ti dé ọjà, ariwo pọ̀, òun ó tún pè tó bá di alẹ́.

Àlùfáà ń mi orí. Ó ní ọmọ tí gbogbo wa ń pè ní ọmọ Faransé ló gba kádàrá tó báyìí. Mo bi í bóyá ó béèrè láti rí ojú ìyá rẹ̀, ó ní kò béèrè.

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ìlú òyìnbó ti gbẹ ojú ọmọ yẹn, pé ìyá rẹ̀ kú, ó sì ń rìn kiri ọjà. Mo ní bí kò bá fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀, èmi kọ́ ni mo máa fi tipátipá fi hàn án. Wọ́n di Fọlákẹ́ sínú aṣọ funfun, wọ́n kírun sí i lára, àwọn ọkùnrin gbé e lọ. Kó tó di ìrun Àsárì, wọ́n ti dé láti itẹ́ òkú.

A wà lórí ẹní, àwọn aládùúgbò ń kí wa ní "kala suuru" pé ká mú sùúrù, ni fóònù Fọlákẹ́ tí mo mú bọ̀ láti ọsibítù bá ń dún nínú àpò mi. Fọ́tò ló ń wọlé lórí fọ́tò. Wàràkàṣì tó tóbi bí ọmọ odó. Ìgbín, àní ìgbín gidi, tí wọ́n fi bọ́tà sè. Díẹ̀ ló kù kí n la fóònù náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn tó gbà sílẹ̀ wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, mo rò pé bóyá ẹkún ti wá dé báyìí.

"Maman, Baba Sàlíhù ní wọ́n ti papò yín dà. Inú mi dùn gan-an, hôpital yẹn ò dáa. Baba ní ẹ máa jẹun níbi tuntun yìí. Mo ra búrẹ́dì olóyin fún yín, ó rọ̀, ó máa gba ọ̀fun yín kọjá. Tí ẹ bá jí, ẹ fi yàrá tuntun yẹn hàn mí."

Àlùfáà Sàlíhù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Papò dà," ló ń wí. "Kí ló tún lè jẹ́?"

Mo fẹ́ bú u, àánú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè bú u. Inú bí mi sí ara mi náà. Mo pe Raodah, mo sì sọ ọ́ ní odindi.

"Raodah, ìyá rẹ kú."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń polówó ọjà ní Faransé. Ó ní Baba sọ pé wọ́n papò dà ni. Mo ní ohun kan náà ni.

"D'accord," ló wí, pé ó dáa. "Ẹ fi ojú wọn hàn mí."

Mo ní wọ́n ti sin ín. Ó dà bí ẹni pé kò gbọ́, ó tún un sọ, ó ní mo ṣèlérí fún òun. Ó tan kámẹ́rà. Mo rí i láàárín èrò, ó tẹjú mọ́ mi, ó ń retí kí n yí fóònù sí ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Kò sí ibi tí mo lè yí i sí.