Abo Ògòngò Tó Kù ní Ìjàgun

Ọrùn ẹyẹ náà gùn ju apá Theophilus lọ, síbẹ̀ ó gbé gbogbo rẹ̀ lé itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tí ibà ń ṣe. Láti àná ni abo ògòngò náà kò ti jẹun. Láàárọ̀ yìí, ó gbìyànjú láti dìde lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tí Wàhábì, dókítà ẹran láti Òdogbolú, yóò fi gbé alùpùpù rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, ẹyẹ náà ti kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Wàhábì wí.

Ọdún 1985 ni Theophilus fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Màídúgùrí, tó kó ọmọ ògòngò mẹ́rin sínú ọkọ̀ ẹrù wá sí Ìjàgun. Àwọn ará àdúgbò wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti ro tirẹ̀. Àgbàdo ti wọ́n, àwọn ọlọ́sìn adìẹ ń pa iṣẹ́ tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Koríko ni ògòngò ń jẹ ní tirẹ̀. Ẹran rẹ̀ pọ̀, awọ rẹ̀ ṣeé fi rán bàtà. Àgbẹ̀ mẹ́fà ní Ìbẹ̀fún ti sọ fún un pé bí ẹyẹ rẹ̀ bá ti pamọ, àwọn náà yóò gbà lára rẹ̀ sìn. Òjò ọdún kìíní pa méjì. Ó ku akọ kan, abo kan. Ọdún kejì ti fẹ́ẹ̀ parí báyìí, abo yìí sì ni gbogbo ìrètí náà gùn lé.

Mọ́ṣádé, aya rẹ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìbá sàn. Ó kàn dákẹ́ ni. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ẹyẹ Bàbá Mojí ni." Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dá tọ́mọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń retí kí ọkọ rẹ̀ ti Òkè Ọya dé. Ọkọ dé tán, ẹyẹ ló gbé ọkàn lé.

"Ẹ jẹ́ ká là á wò," ni Wàhábì wí, "ká lè mọ ohun tó pa á, nítorí akọ tó kù."

Theophilus di ẹsẹ̀ ẹyẹ náà mú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni ẹyin kan, ńlá, tí èèpo rẹ̀ kò tíì le. Ó yí ojú kúrò. Wàhábì la iwe, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde.

Ìṣó páànù ni. Ó tó bíi mẹ́wàá, tuntun, kò tíì dípẹtà. Ọ̀kan ti gún iwe náà yọ síta.

"Bàbá, ta ló kan páànù níbí láìpẹ́ yìí?"

Theophilus gbé ojú sókè sí òrùlé àgọ́ àwọn ẹyẹ, tó ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Ìbẹ̀fún, kó tó dé, Mọ́ṣádé ti pe Sàlàkọ́ káfíńtà. Owó àjọ rẹ̀ ló fi ra páànù. "Òjò ń pa wọ́n," ló wí, kò wo ojú ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ ti ń wúkọ́ jù níbí." Òun fúnra rẹ̀ ló di ìgbálẹ̀ mú tó gbá abẹ́ àgọ́ náà. Ṣùgbọ́n koríko ga, ohunkóhun tó bá sì ti ń dán ni ògòngò ń gbé mì.

Ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, ta ló lè ṣà á jọ?

"Òtútù ló pa á," ni Theophilus wí.

"Bàbá, ìṣó yìí—"

"Mo ní òtútù ni, Wàhábì. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọ̀dọ́kùnrin náà da àwọn ìṣó náà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì lọ fọ ọ̀bẹ rẹ̀.

Mọ́ṣádé ti ilé ń sáré bọ̀ pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná, gèlè rẹ̀ ti tú sí èjìká. Nígbà tó rí ẹyẹ náà, ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó lósòó, ó gbé ọwọ́ lé ìyẹ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án rí.

"Kí ló pa á?"

"Òtútù ni."

"Òrùlé tí mo ṣe ńkọ́? Kò ràn án lọ́wọ́ ni?"

"Ó ràn án lọ́wọ́. Òtútù ọjọ́ pípẹ́ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ òrùlé yẹn, ì bá ti kú tipẹ́."

Ó bú sẹ́kún. Theophilus na ọwọ́ òsì sí i, ó fà á dìde.

"Bàbá Mojí, ẹ má jẹ́ kó sú yín," ló wí, ó ń fi gèlè nu ojú. "A ó tún lọ mú òmíràn wá. Màá bá yín lọ sí Màídúgùrí náà. Ẹyẹ tiwa ni."

Tiwa. Láti ọjọ́ tó ti kó wọn dé ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

"A ó lọ," ló wí.

Lẹ́bàá ọgbà, akọ ògòngò ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Mọ́ṣádé ti ń ka ohun tí wọn yóò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀: wọn yóò tètè kó wọn wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò fẹ ọgbà sẹ́yìn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni Theophilus ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di ìṣó náà mú. Ó mọ̀ pé òun kò lè wo ẹyẹ kankan lábẹ́ òrùlé yẹn mọ́ láìrántí ìṣó, pé òun kò ní sin òmíràn láyé, àti pé kò sí ọjọ́ tí òun yóò lè sọ ìdí rẹ̀ fún Mọ́ṣádé.